Ẹsẹ Tí A Máa Ń Fò Nínú Òwe 31

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó kọ "Àmín" sábẹ́ ẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa lọ bímọ ní ọsibítù ìjọba kan lóru. Kò síná. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo ni ò sí nínú ẹ̀. Iná fóònù ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ríran. Wọ́n ní kí ọkọ ẹ̀ lọ ra ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti dírípù wá, aago méjì òru nìyẹn o. Kó tó rí olóògùn tó máa ṣílẹ̀kùn fún un, kó tó gun ọ̀kadà padà dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Arábìnrin wa yè, a dúpẹ́. Ọmọ ò yè. A ò bá àwọn nọ́ọ̀sì jà. Ọ̀kan nínú wọn ń sunkún ju àwa lọ.

Nígbà tá a lọ kí wọn nílé, a sọ ohun tí pásítọ̀ máa ń sọ. A ní Ọlọ́run ló mọ ìdí ẹ̀. Gbogbo ilé ṣe Àmín. Nínú ọkọ̀ ni ìyàwó wa ti wá bi wá pé, "Dádì, ṣé Ọlọ́run náà ni ò ra epo sí jẹnẹrétọ̀ yẹn?" A ò rí èsì fọ̀, a kàn ń wakọ̀ lọ.

Fádà Ìjọ Àgùdà àdúgbò wa, tá a jọ wà nínú CAN, gbọ́, ó wá kí wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ wá tipẹ́ mọ ohun tá a máa ń wí nípa àwọn Àgùdà lórí ọ̀rọ̀ ère àti Màríà. A ò tíì yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé tí Fádà há sábíyá wọlé lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìwé àdúrà. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ wa ni, ó ti fi báírò pupa fàlà sí i káàkiri.

Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ibi tí ìjọba ń náwó sí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí-ọkàn ni. Ó ní láti 1891 ni Póòpù Leo Kẹtàlá ti kọ̀wé lórí àwọn òṣìṣẹ́, tó sì sọ níbẹ̀ pé olówó ní ohun tó lè fi dáàbò bo ara ẹ̀, tálákà ò ní ju ìjọba lọ, nítorí náà òun ló yẹ kí ìjọba bojú tó jù. Ní 1967, Póòpù Paul Kẹfà ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yọ lára owó ohun ìjà, kí wọ́n kó o jọ fún àwọn tí ìyà ń jẹ. Francis tún irú ọ̀rọ̀ náà sọ ní 2020. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé tówó ò bá tó, tálákà ló yẹ kó wà níwájú lórí ìlà. Kì í ṣe èyí tó bá ṣẹ́ kù la fi ń ta á lọ́rẹ.

A bá Fádà jiyàn. A ní iṣẹ́ tiwa ni ká gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ, Pọ́ọ̀lù ló pa á láṣẹ fún Tímótì. Ó ní òun náà ń gbà á. Ó wá bi wá bóyá a rántí Àbújá 2001, nígbà tí àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 bọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn á máa lọ sí ìlera. Nílẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣèlérí o! Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ wa ò tíì débẹ̀ rí. Ní 2023 ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi ààrẹ wọ inú àfikún bọ́jẹ́ẹ̀tì, bílíọ̀nù 5 náírà àti díẹ̀. Ariwo aráàlú pọ̀; kò pẹ́, àwọn aṣojú-ṣòfin ní àwọn ti gbé owó náà lọ sí ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé a wà lára àwọn tó pariwo? A ò sí níbẹ̀. Ìsọjí là ń múra ẹ̀ lọ́wọ́.

(Fádà fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín pé àwọn ilé bíṣọ́ọ̀bù kan wà lọ́dọ̀ àwọn náà, ká má wulẹ̀ wò ó. A bá a rẹ́rìn-ín, àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi táìlì tuntun sí pẹpẹ.)

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la ṣí Òwe 31. Bóyá la rí ìgbéyàwó tá a ò ti wàásù látinú ẹ̀, ẹsẹ 10 la sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin oníwà rere. Ẹsẹ 8 àti 9, níbi tí ìyá Lémúẹ́lì ti ń sọ fún ọmọ ẹ̀ tó jọba pé kó sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀, kó sì gbèjà tálákà, a máa ń fò ó ni. Ọdún 21 la ti wà lórí pẹpẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn díákónì wa ti ní, "Pásítọ̀, ẹ má kó ìjọ wọ ìṣèlú o." A gbọ́ yín, sà. A ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, a ò sì ní sọ ẹni tẹ́ ẹ máa dìbò fún. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ lọ bi wọ́n: èló ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún epo jẹnẹrétọ̀ ọsibítù yẹn lọ́dún yìí, èló ni wọ́n sì ti san? A wá a títí nínú ìwé Fádà, a ò rí i. Owó ìrìn-àjò àti ti àlejò ò fara pa mọ́ ní tiẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, àwa àti Fádà ń lọ sí ọ́fíìsì aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́sàn-án. Ọkọ arábìnrin wa ti ní òun ń bọ̀. Rìsíìtì ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ òru ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.