Ìdí tí Ẹ̀wà fi Ń Gba “S” tí Ìrẹsì Kò Gbà Á

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ “furnitures” tàbí “informations” sínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, bírò pupa kò ní í fi í sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń sọ fún un ni pé kò ronú. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ronú, èdè Yorùbá ni ó fi ronú.

Nínú ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ènìyàn àti ti ìlú kò ṣòro: lẹ́tà ńlá ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ wọn, ó parí. Ibi tí wàhálà wà ni aṣeékà àti aláìṣeékà.

Yorùbá náà ní ìpín yìí. “Mélòó” ni a fi ń dán an wò. A lè bèèrè pé “ìwé mélòó?”, ṣùgbọ́n ta ni yóò bèèrè pé “omi mélòó?” láìjẹ́ pé ó fi ife tàbí garawa ṣáájú? Àmọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí padà nítorí iye: ìwé kan, ìwé mẹ́wàá, àwọn ìwé. Ìmọ̀ràn pẹ̀lú ṣeé kà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kọ “two advices”, ìṣirò rẹ̀ gún. Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbà. “Two pieces of advice” ni ó ń fẹ́, àfi bí ẹni pé wọ́n ń gé ìmọ̀ràn bí iṣu.

Ẹ wo ẹ̀wà àti ìrẹsì. Kóńgò kan náà ni ìyá ọlọ́jà fi ń wọn méjèèjì. Kò sí ẹni tí ń ka hóró wọn. Síbẹ̀ “beans” gba “s”, “rice” kò gbà á. Làákàyè nìkan kò lè yanjú èyí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣi irú rẹ̀ gbọ́ rí. “Pease” ni wọ́n ń pe èso kan tí ó jọ ẹ̀wà láyé àtijọ́. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọ̀rúndún 17, etí wọn gbọ́ ìparí rẹ̀ bí “s” ti ọ̀pọ̀, wọ́n gé e kúrò, “pea” sì jáde. Kò sí ẹni tí ó fa ìlà pupa sí i mọ́.

Ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ Faransé lè kọ “deux conseils” àti “les informations”, kí ó sì gba máàkì. Ọmọ Ìmẹ̀kọ, ní òdìkejì ẹnubodè, yóò pàdánù tirẹ̀ lórí èrò kan náà.

Nítorí náà, “ronú dáadáa” kọ́ ni olùkọ́ yóò sọ. Kí ó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú alábàárìn rẹ̀: “a piece of furniture”, “a loaf of bread”, “an item of news”. “News” tún ní àrékérekè tirẹ̀: ó gbé “s” dání, ṣùgbọ́n “is” ni ó ń bá rìn.