Ìyá Tó Kọ́ Mi ní Iṣẹ́ Aró

Bí ẹnikẹ́ni bá wọ ọjà Ìtókù ní Abẹ́òkúta lónìí, tó rí bí àdìrẹ ṣe kún inú ìsọ̀ tó tún kún òde, tó sì gbọ́ bí àwọn oníṣòwò ṣe ń pe oníbàárà tó wá láti Èkó àti láti ìlú òkèèrè, ó lè rò pé ọwọ́ àwa tí a wà níbẹ̀ báyìí ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró láti ìgbà ọmọge mi mọ̀ pé ọwọ́ àwọn kan ni a ti gbà á, àwọn náà sì gbà á lọ́wọ́ àwọn mìíràn, n kò sì lè sọ ìtàn iṣẹ́ yìí kí n má sọ ti ìyá tó kọ́ mi, nítorí pé ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, ọwọ́ wọn ni mo sì ti rí i.

Àdúgbò Kẹ́mta ni ilé wọn wà. Wọn kì í fẹ́ kí á máa pe orúkọ wọn káàkiri ìgboro, nítorí náà Ìyá ni n ó máa pè wọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira ni àwọn òbí mi fà mí lé wọn lọ́wọ́. Mo ti rò pé aṣọ ni n ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìko dì, ṣùgbọ́n eérú ni Ìyá ní kí n máa kó, omi ni wọ́n ní kí n máa pọn, títí ẹ̀ẹ̀rùn fi di òjò, tí àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ ìránṣọ sì ti ń rán bùbá fún ara wọn.

Ìkòkò méjì ni à ń gbé lé ara wọn: ajere tí ìdí rẹ̀ kún fún ihò ló wà lókè, èyí tí ìdí rẹ̀ dì ló wà nísàlẹ̀. A ó kó eérú sínú ajere, a ó da omi lé e, omi náà yóò sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti tó bíi kóló kan, Ìyá á ti ìka bọ̀ ọ́, wọn á fi kan ahọ́n, wọn á dijú díẹ̀. Bí ó bá ta ahọ́n tó, wọn á mi orí; bí kò bá ta tó, wọn á ní kí n dà á padà sórí eérú mìíràn. Inú omi yìí ni a ó wá rẹ elu sí, ewé tí a ti gún nínú odó títí ó fi dúdú, tí a ṣù, tí a sì sá gbẹ. Ní bí ọjọ́ méje, ìfóòfó orí rẹ̀ yóò máa dán bí idẹ, òórùn rẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Nígbà náà ni aró jinná. Aṣọ tí a bá rì sínú rẹ̀ yóò jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn ni yóò sì sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Ọmọdé á máa yọ̀ pé iṣẹ́ parí. Ìyá á ní kò ì tí ì bẹ̀rẹ̀, kí n sá a, kí n tún un rì, kí n tún un sá, títí àyìnrín yóò fi di dúdú kíríkírí.

“Ìwọ ọmọ yìí,” wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí mo ń kánjú, “ẹni tó bá ra aṣọ yìí lè fọ̀ ọ́ lójú ìyá ọkọ rẹ̀. Bó bá ṣí mọ́ ọn lọ́wọ́, ta ni ìtìjú náà máa bá?”

Ìyá máa ń sọ fún wa pé kíjìpá, aṣọ tí àwọn obìnrin fi ọwọ́ hun, ni àwọn àgbà ń rẹ láró, kí àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí tó tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ wá sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Nígbà tí tẹ́rú, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti Mánṣẹ́sítà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí ọkọ̀ ojú irin sì ti Èkó dé Abẹ́òkúta kí ọ̀rúndún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà gbòòrò kọjá ti ẹ̀tù àti ìró ilé ẹni. Àwọn àgbà Kẹ́mta a máa fi ọlá rẹ̀ fún agbo ilé Ìyálóde Jójọlọlá, ẹni tó joyè náà lẹ́yìn Tinúubú, n kò sì rí ìdí tí n ó fi bá wọn jiyàn. Ohun tó dájú ni pé nígbà tí Ìyá wà lọ́mọdé, ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń ti Sẹ̀nẹ̀gà àti Gòólù Kóòsì wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Obìnrin ló ń fi ìko di àdìrẹ oníko, tó sì ń rẹ aṣọ. Àwọn ọkùnrin ló ń gé páànù tí a fi ń tẹ láfún sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ.

Ibi tí owó bá ti pọ̀ ni ìkánjú ń gbà wọlé. Láti 1897 ni àwọn ará Jámánì ti ń ta aró tí a ṣe láìsí ewé, nígbà tó sì yá, òun àti sódà, tí a fi rọ́pò omi eérú, dé ọwọ́ àwọn aláró wa. Ẹni tó ń fi ọjọ́ méje retí ìkòkò lè rẹ aṣọ láàárọ̀ kó tà á lálẹ́. Àwọn aṣọ kan ń ṣí, sódà sì ń jẹ òmíràn. Ọjà náà sì ti dẹ̀, nítorí pé owó ti wọ́n káàkiri ayé ní àkókò náà. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de sódà àti aró òyìnbó, àwọn aláró kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo ńlá tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Ìyá tó bí Ìyá wà lára àwọn tó bínú. Owó aṣọ tí wọ́n fi sódà rẹ ni wọ́n fi kọ́lé, wọ́n sì gbà pé kò sí ẹni tó yẹ kó gba ohun èlò lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ọmọ wọn, ẹni tó kọ́ mi, kò bú wọn rí, kò sì bú Aláké. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé sódà kò dá ẹ̀ṣẹ̀, pé àwọn tó rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì tà á bí ẹni pé wọ́n ti rẹ ẹ́ tó ló ba orúkọ Ẹ̀gbá jẹ́. Títí di òní, èmi náà ò mọ ìdájọ́ tó tọ́ ju ìyẹn lọ.

Ìyá bá àwọn obìnrin yòókù jáde pẹ̀lú nígbà tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ lórí owó orí, tí Aláké fi sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè ní 1949 kó tó padà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ìyá kì í sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọwọ́ dúdú pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni kàm̀pálà dé, pẹ̀lú àbẹ́là àti aró aláràbarà, ọ̀pọ̀ àgbà sì ní iṣẹ́ ti bàjẹ́. Mo retí pé Ìyá yóò wí bẹ́ẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n ra díẹ̀ wá. Wọ́n gé etí aṣọ náà, wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n ká a mọ́ inú tẹ́rú funfun, wọ́n gbé òkúta lé e di àárọ̀. Nígbà tí a tú u, tẹ́rú ti pọ́n. Wọ́n rán mi padà lọ ra aró mìíràn, a tún dán an wò, a tún dán an wò, títí a fi rí èyí tí kò yọ. “Ó dáa,” wọ́n ní, “kọ́ ọ.” Ìdánwò yìí ni mò ń fi gba ọmọ iṣẹ́, òun náà ni mo fi ń dá aṣọ padà lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ti tìtorí rẹ̀ fi mí sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í gé etí aṣọ wò.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Ṣáínà ń tẹ ojú àdìrẹ wa sára aṣọ, wọ́n sì ń tà á ní Ìtókù kan náà ní owó tí kò tó iye tí a fi ń ra tẹ́rú. Ó dùn mí wọra. Ẹni tó di aṣọ mọ ibi tí ìko ti fà. Aṣọ ẹ̀rọ kò ní ojú ìdì kankan lára, ẹni tó bá sì tẹjú mọ́ ọn yóò mọ̀. Bí a bá fẹ́ kí oníbàárà mọ ìyàtọ̀, àwa ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé tiwa kò ṣí.

Nígbà tí mo gba òmìnira iṣẹ́, ajere kan ni Ìyá fi ta mí lọ́rẹ, ó sì wà lẹ́yìnkùlé mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, tó ń ta ọjà rẹ̀ lórí fóònù, ránṣẹ́ sí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pé àwọn oníbàárà òun kan ń béèrè aró elu, pé ṣé òun lè yá ajere náà. Mo ní kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n kó wá lówùúrọ̀, kó má tíì jẹun, nítorí pé ahọ́n rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ lò.