Gàrí kan ṣẹ́kù

Lálẹ́ àná ní Atlanta níbí, mo ń fi JavaScript to ọjà ìsọmọlórúkọ: ẹ̀wà, gàrí, gàrí, èlùbọ́. Mo ní kí loop yọ gbogbo gàrí kúrò. Ọ̀kan ṣẹ́kù! Láti 0 ni JavaScript ti ń kà. Bí splice ṣe yọ gàrí tó wà ní ipò 1, èkejì sún wá síbẹ̀, àmọ́ i, òǹkà loop náà, ti kọjá lọ sí 2, èlùbọ́ ló bá níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, ẹ máa kà á bọ̀ wá sí 0. Èyí tó bá sún, a ti yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀. Filter ni mo fẹ́ràn jù, láti ES5, ẹ̀dà JavaScript ti ọdún 2009, ló ti wà: àkójọ tuntun ló ń fúnni, kì í fọwọ́ kan ti tẹ́lẹ̀.