Ẹni bá fẹ́ẹ́ to àdàkọ Cobra, ẹ́ńjìnnì ni kó kọ́kọ́ wò!

Ní Thames Ditton, létí odò Thames, lẹ́bàá ìlú London, nilé-iṣẹ́ AC wà tẹ́lẹ̀ kó tó kó kúrò. Ibẹ̀ ni bọ́dì Cobra ti jáde lọ́dún 1962, láìsí ẹ́ńjìnnì nínú. Ó dé California tán ni Carroll Shelby, ará Amẹ́ríkà, gbé Ford V8 sí i.

Ojúlówó rẹ̀ ti wọ́n bí ojú, ìyẹn làwọn òyìnbó kan ṣe ń fi bọ́dì fáíbà to àdàkọ rẹ̀ fúnra wọn. Àríyànjiyàn wọn ò ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹni tágbára ń wù á mú Ford V8. Ẹni tí ò fẹ́ ẹrù wúwo á mú Rover V8 onílítà 3.5, nítorí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹṣin tí ò níjàánu, ilẹ̀ ló ń gbéni sán. Bíréèkì, gíà àti rádíétọ̀ gbọ́dọ̀ kápá ẹ́ńjìnnì náà. Ọ̀pọ̀ ló ń tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Jaguar àtijọ́ sí i. Ìjọba wọn náà ò sì gba gbẹ̀rẹ́: mọ́tò tí ò bá yege àyẹ̀wò IVA ò ní í rí nọ́ńbà gbà. Ẹni tó kọ́kọ́ ra bọ́dì, tó wá ń wá ẹ́ńjìnnì kiri, owó ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ná o!