Àṣírí Wa Tí Ó Bọ́ Sọ́wọ́ Olè

Àwọn tí ó mọ̀ wá mọ̀ pé akọ̀wé rélùwéè ni wá. Ìwé mẹ́fà ni a kà, a kì í sì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n Bàbá Alága ní kí a kọ ohun tí ojú wa rí sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ó lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní.

Ìyàwó wa, Ìyá Bọ́lá, ń ta aṣọ ọmọdé lọ́jà. Ní ọdún 2024 ó yá 40,000 náírà lọ́wọ́ kọ́ńpánì kan tí ń yáni lówó lórí fóònù. Kí wọ́n tó fún un, wọ́n gba orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà BVN rẹ̀, orúkọ báńkì rẹ̀ àti àwòrán ojú rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti san gbèsè náà tán. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejì, ọdún 2025, ọkùnrin kan pè é. Yorùbá ni ó sọ, ẹ̀yin náà sì mọ bí etí ti í dùn nígbà tí èdè ilé bá wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn odi. Ó ní, "Ẹ kú ọjà o, Mà. Láti ọ̀dọ̀ kọ́ńpánì tí ẹ yáwó lọ́wọ́ wọn ni." Ó ka ọjọ́ ìbí ìyàwó wa fún un, ó ka iye tí ó yá àti ọjọ́ tí ó san án tán, ó sì ka nọ́ńbà BVN rẹ̀, mọ́kànlá gbáko. Ó ní wọ́n gba èlé jù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fẹ́ dá a padà, kí ó ka nọ́ńbà mẹ́fà tí yóò wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó kà á. Kí oníbàárà tí ó dúró níwájú rẹ̀ tó yan aṣọ tán, 118,000 náírà ti kúrò ní báńkì. Owó ìdánwò WAEC Bọ́lá wà nínú rẹ̀, owó ọjà sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí a ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni ó dùn wá jù. A kò bi í bí ó ti ṣẹlẹ̀. A pariwo mọ́ ọn tí ará ilé fi gbọ́. A ní, "Ṣé ọmọdé ni ọ́ ni?" Fún ọjọ́ mẹ́ta a kò jẹ oúnjẹ rẹ̀. Kò bá wa jà. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń sọ: "Bàbá Bọ́lá, ó mọ ọjọ́ ìbí mi. Báwo ni ó ṣe mọ̀ ọ́n?" A kò fetí sí i.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kakuri. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ náà bí ìtàn ìwà òmùgọ̀ obìnrin. Lọ́yà kan, ọmọ Ọ̀fà bí tiwa, gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan náà tí Ìyá Bọ́lá bi wá. Ó ní, "Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ta ni ó ni ògiri náà, ẹ̀gbọ́n?" Ojú tì wá. Ní ibi iṣẹ́ tiwa, bí ẹrù bá sọnù nínú wágúnù, a kì í kọ́kọ́ bá ẹni tí ó ni ẹrù wí. Ẹni tí ó gba ẹrù tí ó sì já ìwé fún un ni a ń bi. Nígbà tí a délé, a bẹ Ìyá Bọ́lá níwájú àwọn ọmọ, nítorí pé níwájú wọn ni a ti bú u.

A kọ ìwé sí kọ́ńpánì náà. Èsì wọn ni pé lóòótọ́, àwọn olè ti wọ inú àkọsílẹ̀ wọn láti oṣù Kejìlá. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníbàárà wọn.

Níbí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fetí sílẹ̀. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 2023, ní bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ tí ó sì lè pa ènìyàn lára, kí kọ́ńpánì sọ fún àjọ ìjọba tí ń jẹ́ NDPC láàárín wákàtí 72. Bí ewu náà bá pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lójú ẹsẹ̀, ní èdè tí ó yé ènìyàn, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọn yóò ṣe láti dáàbò bo ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá rí í sọ fún Ìyá Bọ́lá ni, kò ní ka nọ́ńbà náà fún àjèjì.

Ohun tí lọ́yà ní kí a ṣe nìyí, kí ẹ gé e pamọ́. Èkíní, ní wákàtí náà gan-an, ẹ pe báńkì kí wọ́n ti àpò owó yín pa, kí wọ́n sì bá báńkì tí owó lọ sọ̀rọ̀ kí ó dá owó náà dúró. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí báńkì kò bá yanjú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ̀wé sí Báńkì Àpapọ̀, CBN. Èkejì, ẹ kọ̀wé sí kọ́ńpánì, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní lọ́wọ́ nípa yín àti kí ni ó jáde. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Ẹ̀kẹta, ẹ fi ẹ̀sùn ìtújáde àṣírí náà sùn lọ́dọ̀ NDPC ní Abuja. Àjọ náà lè pàṣẹ kí kọ́ńpánì san owó fún ẹni tí ó pàdánù. Ẹ̀kẹrin, ẹ lè gbé wọn lọ sí kóòtù, nítorí òfin 2023 náà fàyè gba ẹni tí ó pàdánù láti bèèrè owó gbà-máà-bínú. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Àjọ Ìrànwọ́ Òfin ti ìjọba. Ẹ̀karùn-ún, ẹ bèèrè ìwé gbèsè yín lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kọ àkọsílẹ̀ gbèsè ní Nàìjíríà, bóyá olè ti fi orúkọ yín yáwó níbòmíràn.

Kí ẹ má ṣe rò pé owó ìtanràn ìjọba yóò bọ́ sápò yín. Ní ọdún 2021, NITDA bu 10 mílíọ̀nù náírà lé Soko Loan nítorí ó fi ọ̀rọ̀ àwọn onígbèsè han ẹlòmíràn. Ìjọba ni ó ni irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè tirẹ̀.

Báńkì rí 46,000 náírà mú kí olè tó kó o tán, wọ́n sì dá a padà. Ó ku 72,000. Báńkì ní àwọn kò jẹ̀bi ìyókù, nítorí Ìyá Bọ́lá ni ó ka nọ́ńbà mẹ́fà náà. Lẹ́yìn ìwé lọ́yà, kọ́ńpánì fẹ́ fún un ní 30,000, kí ó sì fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó kọ̀. Ó ní bí òun bá fọwọ́ sí i, ta ni yóò bá àwọn obìnrin méjì mìíràn lọ́jà tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀? Ẹ̀sùn náà ṣì wà lọ́dọ̀ àjọ. A kò mọ ibi tí yóò já sí, ṣùgbọ́n àwa àti òun ni a jọ ń gbé e lọ báyìí.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì tí ó fi àkókò àjọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Bọ́lá ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwa ni igbákejì akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí. Ìwé orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ yín wà lọ́wọ́ wa. Níbi ìsọmọlórúkọ Kakuri yẹn, orí tábìlì ni ìwé náà wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ títí di alẹ́. A ti ra àpótí onírin, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú bí a kò bá fún un ní nọ́ńbà ẹlòmíràn.

Ire o.