Ẹ Kú Ìyálẹ̀ta

Mi ò tí ì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ lọ́jọ́ tí mo sáré wọ ilé ìyá àgbà mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Wọn ò dáhùn. Wọ́n kàn nawọ́ sí ìkòkò omi tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Òjìji òrùlé tó bo ìkòkò náà ní kùtùkùtù ti fà sẹ́yìn, oòrùn sì ti ń ta á lára.

"Àjàní, òwúrọ̀ wo nìyẹn?"

Mo tún un kí: "Ẹ kú ìyálẹ̀ta, mà." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jẹ́ mi.

Kò sí aago nílé yẹn, àmọ́ ìgbà kì í sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìdájí ni wọ́n ń gbálẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbéra lọ sí Akẹ̀sán, ọjà ọba. Ọjọ́ náà ní òǹkà tirẹ̀. Ẹni tó bá ná ọjà ọrún lónìí yóò ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ni ọjà yóò tún kò. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà nínú ọ̀sẹ̀ àtijọ́. Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé ní Ọ̀yọ́, kọ nípa òǹkà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù náà ń fi oòrùn pín ìgbà. Ará Íńdíà kan tó ń tajà n'Íbàdàn ni mo bá dúnàádúrà lọ́jọ́ Ẹtì kan. Owó ti wà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kó di aago méjìlá. Ó fi kàlẹ́ńdà ara ògiri hàn mí. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí tó fi wọ̀, ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n ń pín ojúmọmọ sí, ìpín kan sì jẹ́ ti Rahu, ẹni tí wọ́n ní ó ń gbé oòrùn mì nígbà tí ọ̀sán bá dòru. Wọn kì í dáwọ́ lé ohun tuntun nínú rẹ̀. Ìpín kejì ni tọjọ́ Ajé. Tọjọ́ Ẹtì ni ìkẹrin, láti aago mẹ́wàá ààbọ̀ sí méjìlá, bí oòrùn bá yọ ní aago mẹ́fà.

Ẹ̀rín pa mí. Ìyá àgbà mi kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì rárá, kó má baà tì. Odindi ọjọ́ ni wọ́n ń fi ṣòfò; wákàtí kan ààbọ̀ péré ni ti oníṣòwò yìí.

Lónìí, fóònù mi sọ pé aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Àmọ́ kò sọ bí mo ṣe máa kí àgbà tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyẹn, mo ṣì ní láti yọjú síta wò ó.