Ìwé Owó Tí Ojú Lè Kà

Ẹ̀yin ará wa, ìwé owó tí ojú kò lè kà, ìjà ní í dá sílẹ̀. Àwa oníṣirò owó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù ẹgbẹ́ wa wà nínú kọ̀ǹpútà ní ìlànà JSON, èyí tí Douglas Crockford ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 2001. Kọ̀ǹpútà a máa tò ó mọ́ra sórí ìlà kan ṣoṣo gbọọrọ. Àwọn àgbà wò ó títí, wọn kò rí owó wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ JSON.stringify(owo, null, 2), tí a fi èsì rẹ̀ sáàárín àmì pre, orúkọ á gba ìlà tirẹ̀, iye owó á gba tirẹ̀, àlàfo á sì wà níwájú wọn. Kọ́bọ̀ kan kò yí padà.

Ti orúkọ ló ká wa lára jù. Python, bí ẹni tó ń lò ó kò bá kọ ensure_ascii=False, kò ní tẹ «ọ» jáde; \u1ecd ni yóò tẹ̀. Ọlá á wá di \u1eccl\u00e1! Àwọn ọmọ wa tí a bí sí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fi àmì sí orúkọ (iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀yin náà mọ̀), kí ni wọn yóò rí kọ́ níbẹ̀? A ti ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí ìwé owó bá jáde, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ wo orúkọ rẹ̀, kó tó wo gbèsè.